Níbo Ni Nọ́ọ̀sì Ń Sùn?

Àwọn ará ìlú ńlá máa ń sọ pé ará oko kò mọ iyì ilé ìwòsàn, pé ọ̀dọ̀ adáhunṣe ló ń sáré lọ, àfìgbà tí ẹ̀pa kò bá bóró mọ́ kó tó rántí dókítà. Ìtàn ilẹ̀ Gánà láti 1985 títí di 1999 fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1985, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ìjọba Gánà fi owó kún owó ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ní agbègbè Ashanti-Akim, àwọn olùwádìí rí i pé iye aláìsàn tó ń wá já wálẹ̀ lójijì. Nígbà tó yá, iye náà tún gbéra sókè ní ìgboro. Ní abúlé, kò gbéra. Ìgbàgbọ́ àwọn ará abúlé kò yí padà láàárín oṣù díẹ̀. Iye owó ló yí padà. Ẹni tó máa san owó ọkọ̀, tó máa pa iṣẹ́ oko tì lódidi ọjọ́ kan, tó tún máa ra oògùn, á kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Oníṣègùn ìbílẹ̀ wà nítòsí, ó sì lè gba adìyẹ, tàbí kó dúró di ìgbà ìkórè.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́. Ní Kassena-Nankana, ní àríwá Gánà lẹ́bàá ààlà Burkina Faso, ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná kì í sábà dá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ ọkọ àti olórí agboolé, olórí agboolé náà sì lè kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ aláwo láti gbọ́ ohun tí àwọn baba ńlá wí. Kí àṣẹ tó dé, ibà lè ti ṣe ọmọ léṣe.

Lọ́dún 1994, àwọn olùwádìí ní Navrongo bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní abúlé mẹ́ta. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì kúrò ní ibùdó ìlera, kó wá máa gbé láàárín ará abúlé. Wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn olóyè àti àgbà sọ ọ́ ní gbangba. Àwọn ará abúlé fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé fún nọ́ọ̀sì, òun náà sì ń gun alùpùpù láti agboolé dé agboolé. Nígbà tí wọ́n mú ètò náà gbòòrò, ikú ọmọdé dín kù gan-an níbi tí nọ́ọ̀sì ń gbé. Níbi tí wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni nìkan, kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1999, Gánà sọ ọ̀nà náà di ìlànà gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n pè é ní CHPS.

Kò sẹ́ni tó lé aláwo kúrò ní ìlú. Ọ̀nà ló kúrú, nọ́ọ̀sì sì di ẹni tí olórí agboolé mọ̀ lójú.

Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí jẹ́ fún Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ ibùdó ìlera abúlé ti ní òrùlé tuntun, tí kò sì sẹ́ni tó ń ṣílẹ̀kùn wọn lóru. Ká tó bi ará oko pé kí ló dé tí kò wá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ìjọba pé níbo ni nọ́ọ̀sì ń sùn.