Áàpù fídíò lórí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́: Ta ló yẹ kó fi síbẹ̀, báwo ni ẹ ṣe lè dènà èyí tí ẹ kò fẹ́?

Ọjà Sandaga tí à ń sọ wà ní ìlú Douala, lórílẹ̀-èdè Cameroon. Kì í ṣe Sandaga ti Dakar. Èso àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò a sì máa kó wọn lọ sí Gabon àti Equatorial Guinea. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ́fíìsì kan tó ń ṣe irú òwò yìí ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Olùrà tó wà lókèèrè fẹ́ rí fídíò ọjà kó tó sanwó, nítorí náà áàpù fídíò kì í ṣe fún ìgbádùn nìkan. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ń fi èyí tó wù ú síbẹ̀ láti inú fúláàṣì, àkọsílẹ̀ owó àti orúkọ àwọn oníbàárà lè bọ́ sọ́wọ́ olè.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Symantec ròyìn pé ikọ̀ amí kan tí wọ́n ń pè ní Cicada ń lo VLC, áàpù fídíò tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, láti ṣọṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àtàwọn àjọ tí kì í ṣe tìjọba. Ojúlówó VLC ni. Fáìlì DLL búburú ni wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun náà sì ṣí i.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí òṣìṣẹ́ má ṣe lo àkáǹtì alábòójútó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Alábòójútó ni kó gba VLC láti ojú òpó videolan.org, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìdí láti wá a lọ síbòmíì. Bó bá fi "/S" kún àṣẹ tó fi ṣí fáìlì náà, áàpù yóò wọlé láì bèèrè ohunkóhun. Inú "Program Files" ló ń wọ̀, òṣìṣẹ́ lásán kò sì lè fi fáìlì mìíràn síbẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn áàpù kan wà tí kò nílò àṣẹ alábòójútó kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. AppLocker, tó dé pẹ̀lú Windows 7 lọ́dún 2009, ló ń dènà irú wọn. Ó lè fi orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe áàpù, ibi tí fáìlì wà, tàbí àmì ìdánimọ̀ fáìlì náà ṣe ìdájọ́. Lójú tiwa, orúkọ iléeṣẹ́ ló rọrùn jù, nítorí pé kì í bàjẹ́ nígbà tí áàpù bá di tuntun. Ẹ kọ́kọ́ lò ó ní ipò àyẹ̀wò, níbi tó ti ń ṣàkọsílẹ̀ láì dènà. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣọ́ fáìlì DLL àyàfi bí ẹ bá tan òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ DLL gan-an ni Cicada lò.

Ẹ tọ́jú ẹ̀dà áàpù náà sínú ọ́fíìsì. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2017, ìjọba Cameroon gé íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹkùn méjèèjì tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọjọ́ 93. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà láti Buea ń wọkọ̀ lọ sí Douala kí wọ́n tó lè rí i lò.

Kí ẹ tó yọ áàpù àtijọ́ kúrò, ẹ bèèrè iṣẹ́ tó gbára lé e. Adobe kò tọ́jú Flash mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ó sì dènà rẹ̀ láti ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2021. Nígbà náà, àjọ SARS, tó ń gba owó orí ní South Africa, ṣì ní àwọn fọ́ọ̀mù tó nílò rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n gbé búráúsà tiwọn jáde kí àwọn èèyàn lè rí wọn ṣí.