Igun Tó Ṣófo

Aago 6:05 ìdájí. Kùrukùru ṣì bo Òkè Ìdànrè. Obìnrin kan tó ń fi ìṣètò inú ilé ṣiṣẹ́ ṣe gbẹ́sẹ̀ lé àkọ́kọ́ nínú àtẹ̀gùn 667. Kámẹ́rà kan, lẹ́ńsì kan, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan. Kò mú iná dání.

6:48. Ibi ìsinmi kẹta. Fóònù dún.

"Màmá ò tíì mu nǹkan kan."

"Mò ń bọ̀," ló wí. Ó ń gòkè lọ.

7:30. Ìlú àtijọ́ tí àwọn èèyàn kó kúrò níbẹ̀ ní 1933. Ó kọjá ilé ẹ̀kọ́ 1896, ó kọjá kóòtù 1906. Ààfin àtijọ́ ló yà sí.

7:44. Òpó. Ògiri amọ̀. Páànù tó ti dípẹtà. Ó ṣa ọ̀rá omi méjì nílẹ̀, ó gbé ìgbálẹ̀ tó fara ti ògiri kúrò.

8:15. Ó rẹ kámẹ́rà sílẹ̀ dé ìbàdí, ó mú un dọ́gba kí ògiri má baà dà bí èyí tó ń wó. Ó yí i díẹ̀: òpó jáde nínú àwòrán. Ó tún yí i: ẹnu ọ̀nà jáde. Ó ku igun kan àti ilẹ̀. Èmi ò mọ ohun tó le jù báyìí lọ nínú iṣẹ́ náà, kí ojú rí ohun tó dára kí ọwọ́ sì fi í sílẹ̀. Hélène Binet, ayàwòrán tó ń gbé ní London, tó ń fi fíìmù nìkan ya ilé, mọ irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

9:20. Igun náà ṣì ṣú. Fóònù dún.

"Wọn ò lajú mọ́ o."

10:02. Ìlà ìmọ́lẹ̀ kan bọ́ sórí ògiri. Kò fẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ. Ipa ọwọ́ ẹni tó rẹ́ ògiri náà hàn nínú amọ̀. Kí ó tó tẹ kámẹ́rà, kùrukùru bò ó.

Ó dúró.

10:17. Ìmọ́lẹ̀ padà. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó palẹ̀ mọ́.

12:40. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò, nísàlẹ̀. Kò síná. Wọ́n fa jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dún.

1:31. Yàrá kan. Ìyá àgbà wà lórí ẹní. Ọmọ ọdún 6 ni wọ́n nígbà tí ìlú sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí wọn ò sọ̀rọ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó gbé fọ́tò náà sún mọ́ wọn.

"Màmá, ẹ wò ó."

1:34. Wọ́n lajú. Wọ́n wò ó pẹ́. Ìka wọn gbéra díẹ̀díẹ̀, ó bà lé igun tó ṣófo.

"Ìkòkò tí ìyá mi ń pọnmi sí dà?"