Ìyára, Ohùn àti Ẹ̀rí: Ìtàn Ọgbọ́n Fífa Ọ̀rọ̀ Gùn Láìyí Gíga Ohùn Padà, àti Bí Ó Ṣe Kan Ìwádìí ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ìfáárà

Ó rọrùn láti gbà pé bí a bá dín ìyára téèpù tàbí àwo kù, ọ̀rọ̀ Yorùbá inú rẹ̀ kò ní nítumọ̀ mọ́, nítorí pé èdè olóhùn ni Yorùbá. Láti inú èrò yìí ni èrò kejì ti jáde: pé kọ̀ǹpútà tí ó lè fa ọ̀rọ̀ gùn láìyí gíga ohùn padà ti yanjú ìṣòro náà pátápátá. Àpilẹ̀kọ yìí tọpa ìtàn ọgbọ́n náà láti 1946, ó sì jiyàn pé èrò méjèèjì kò tọ̀nà tán. Ohùn kọ́ ni fífalẹ̀ téèpù ń bàjẹ́. Ọgbọ́n tuntun náà sì ní ohun tirẹ̀ tí ó ń bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ohùn tí a gbà sílẹ̀ ṣe ẹ̀rí ìtàn, ìbáà jẹ́ oríkì tí a gbà ní Ẹ̀sà-Òkè tàbí orin jùjú ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.

Ìdè tí ó wà láàárín ìyára àti gíga ohùn

Lórí àwo gíráámófóònù àti lórí téèpù, ìyára àti gíga ohùn kò ṣe é yà. Ìgbọ̀nrìrì ni ohùn. Bí a bá yí àwo ní ìdajì ìyára tí a fi gbà á sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó gba ìṣẹ́jú àáyá 10 yóò gba 20, iye ìgbọ̀nrìrì inú ìṣẹ́jú àáyá kan yóò sì dín sí ìdajì. Ọgbọ́n tí ó wà fún ẹni tí ó fẹ́ kọ ìjálá tàbí rárà sínú ìwé nìyí: kí ó gbà á sórí téèpù tí ń sáré ní íǹṣì 7½ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó sì tún un gbọ́ ní 3¾.

Ohun tí ó yẹ ní àkíyèsí ni pé ohun ìfiwéra ni ohùn Yorùbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Etí kì í fi òṣùwọ̀n tí ó dúró sójú kan wọn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan ni ó ń fi wé èkejì. Ìdí nìyí tí ọmọdé àti bàbá arúgbó fi lè pe igbá, igba àti ìgbà láìsí pé ìtumọ̀ dàrú. Bí ohùn òkè ẹnìkan bá jẹ́ ìgbọ̀nrìrì 200, tí ti àárín jẹ́ 160, tí ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 120, ìdajì ìyára yóò sọ wọ́n di 100, 80 àti 60. Iye wọ́n yí padà, ṣùgbọ́n ipò tí ọ̀kan wà sí èkejì kò yí.

Ibòmíràn ni àdánù wà. Bí ẹnu àti ọ̀fun ṣe tóbi tó, àti bí wọ́n ṣe là tó, ni ó ń fún fáwẹ́lì ní ìró tirẹ̀. Fífalẹ̀ téèpù a máa fa gbogbo èyí lọ sílẹ̀ pọ̀, àfi bí ẹni pé ẹnu òǹsọ̀rọ̀ ti di ìlọ́po méjì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín e àti ẹ, o àti ọ, a sì ṣókùnkùn. Ní Ẹ̀sà-Òkè, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí ọ̀rọ̀-orúkọ ti lè fi u bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pe ilé ní ulé, ẹ̀rí ẹ̀ka-èdè ni fáwẹ́lì jẹ́. Ẹni tí fáwẹ́lì bá ṣókùnkùn sí lè fi Yorùbá àjùmọ̀lò dí àlàfo náà láìfura. Ìwé rẹ̀ yóò sì sọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà di ará Ọ̀yọ́.

Bí a ṣe tú ìdè náà

Dennis Gabor, onímọ̀ físíìsì tí a bí ní Hungary ṣùgbọ́n tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ìpìlẹ̀ èrò náà lélẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1946 àti 1947. Ó ka ohùn sí àkójọ ègé wẹ́wẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò àti gíga tirẹ̀. Bí a bá tò wọ́n kí wọ́n jìnnà síra, tí a sì tún ègé kan lò láti dí àlàfo, ọ̀rọ̀ yóò gùn, gíga ohùn kò sì ní yẹ̀. Ní 1954, Fairbanks, Everitt àti Jaeger ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà ṣe àlàyé ẹ̀rọ téèpù kan tí orí tí ó fi ń gbọ́ ohùn ń yí. Ẹ̀rọ náà lè yọ àwọn ègé kan dànù kí ọ̀rọ̀ lè yára, ó sì lè tún àwọn ègé kan sọ kí ọ̀rọ̀ lè gùn.

Ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1966, nígbà tí Flanagan àti Golden ní Bell Laboratories gbé phase vocoder jáde. Wọ́n pín ohùn sí ọ̀wọ́ ìgbọ̀nrìrì púpọ̀, wọ́n wọn bí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń yí, wọ́n sì tún wọn dà pọ̀ ní ìyára mìíràn. Ní 1976 Portnoff fi hàn bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ṣe ìṣirò náà wéré. Roucos àti Wilgus padà sí ọ̀nà onígègé ní 1985, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ ń wá ibi tí ègé méjì ti bára mu jù lọ kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Ní 2001 ni ètò kọ̀ǹpútà Live, ti ilé iṣẹ́ Ableton ní Jámánì, jáde fún àwọn olórin. Ó ń fa orin gùn bí orin náà ti ń lọ lọ́wọ́. Lóde òní, Audacity tí a kì í sanwó fún lè ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ ìlù

Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, èrè ọgbọ́n náà hàn kedere: fáwẹ́lì dúró sí ipò rẹ̀, a sì ṣì ń dá olóhùn mọ̀. Ti ìlù yàtọ̀. Dùndún àti gángan kò ní fáwẹ́lì tí ó lè sọnù. Ohùn àti ìlù-sí-ìlù ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí òwe bí òwe là á lu ìlù ògìdìgbó, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n tí yóò jó o ní láti kọ́kọ́ gbọ́ iye ìgbà tí ọ̀pá kan awọ. Ìró ọ̀pá lórí awọ kúrú, ó sì mú. Ọ̀nà onígègé lè mú irú ìró bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ó bá ń fa ìlù gùn. Bí ó bá ń mú un yára, ó lè fò ó dá. Phase vocoder ní tirẹ̀ a máa fọ́n ọn ká, kí ó dà bí ìró tí a fi aṣọ bò. Nígbà tí sílébù kan ti sábà máa ń gba lílù kan, lílù tí a gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì ti di sílébù tí onílù kò sọ. Nítorí náà, téèpù tí a kàn dín ìyára rẹ̀ kù, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ láyé, jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ó ṣeé gbára lé ju ọgbọ́n tuntun lọ nínú ọ̀rọ̀ ìlù.

Ọ̀ràn àwọn àwo àtijọ́

Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ṣáájú kí gbígba ohùn pẹ̀lú iná mànàmáná tó dé ní 1925 ni èyí, nígbà tí ìyára àwo kò tíì dúró sórí 78 ní gbogbo ibi. Bí a bá fi 78 gbọ́ àwo tí a gbà ní ìyára mìíràn, àkókò àti gíga ohùn ni ó jọ ń ṣìnà, ní ìwọ̀n kan náà. Àtúnṣe tí ó bófin mu ni láti yí méjèèjì padà pọ̀. Ẹni tí ó bá fi ọgbọ́n tuntun tún ọ̀kan ṣe, tí ó fi èkejì sílẹ̀, ti dá orin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí.

Ohun èlò tí ohùn rẹ̀ kì í yí ni ó lè ṣe adájọ́ níhìn-ín. I. K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí ó gba oyè MBE ní 1963, lo àkọ́díọ̀nù àti gángan nínú jùjú rẹ̀. Onígángan lè fún okùn tàbí kí ó dẹ̀ ẹ́, olórin lè gbé ohùn sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ahọ́n irin inú àkọ́díọ̀nù kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. A ti yí ohùn rẹ̀ sójú kan láti ilé iṣẹ́. Bí àkọ́díọ̀nù inú ẹ̀dà orin kan bá fi díẹ̀ yẹ̀ kúrò lórí ohùn tí ó yẹ, ó ṣeé ṣe kí ìyára ẹ̀dà náà ti yẹ̀. Bí ó bá dúró déédéé ṣùgbọ́n tí orin náà yára ju ẹ̀dà mìíràn ti àwo kan náà lọ, ó yẹ kí a fura pé ẹnìkan ti na orin náà tàbí sún un kì.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé irú ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ ni ó yẹ kí ó yan ọ̀nà. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, kí a fà á gùn láìyí gíga rẹ̀. Fún ìlù, kí a dín ìyára kù lásán. Fún àwo tí ìyára rẹ̀ ṣìnà, kí a yí àkókò àti ohùn pọ̀. Ó yẹ kí olùwádìí kọ ọ̀nà tí ó lò àti ìwọ̀n tí ó fi fà á sí ẹ̀gbẹ́ àdàkọ rẹ̀, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà àkọ́kọ́ láìfọwọ́ kàn án. Àwọn àgbà tí wọ́n lè sọ pé “bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìlù náà wí” ń dínkù lọ́dọọdún. Nígbà tí wọn kò bá sí mọ́, ẹ̀dà àkọ́kọ́ náà nìkan ni yóò kù tí ó lè já àdàkọ ní irọ́.