Ọjọ́ A Bá Kú Là Á Dère: Bí A Ṣe Ń Rántí Àwọn Ẹni Ńlá láti Kétu dé Bantè

Ìfáárà

Atokoligbé wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bantè, ní ẹkùn Collines, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìcà, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, ni ọ̀pọ̀ ará Bantè ń sọ. Ní Savalou tó múlé tì í, ìdílé Gbaguidi ló ń jọba lórí àwọn Máhì. Bí ẹni ńlá bá papò dà ní irú ilẹ̀ báyìí, èdè méjì ló ń ròyìn rẹ̀: Faransé nínú ìwé ìkéde, èdè ìbílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń kì í. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ohun tí ọ̀kan mọ̀, èkejì kò mọ̀ ọ́n. Bí a kò bá pa méjèèjì pọ̀, ìrántí wa kò ní pé.

Ìrántí ẹnu

Oríkì kì í bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí kó sì parí sí ọjọ́ ikú. Karin Barber, tó ṣe ìwádìí ní Òkukù tó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1991, fi hàn pé oríkì a máa ko ìṣẹ̀lẹ̀ oríṣiríṣi jọ láìtò wọ́n tẹ̀léra, títí kan èyí tí kò buyì kún ẹni tí à ń kì. Ìrèmọ̀jé, ewì ìsìnkú àwọn ọdẹ, ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdẹ tó kú: orúkọ, ìwà àti iṣẹ́ rẹ̀ nínú igbó ni wọ́n ń sun lẹ́kún.

Ìrántí ẹnu ní ètò tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní Kétu, Baba Ẹlẹ́gùn ló ń ka ìtàn ìlú àti orúkọ àwọn Alákétu nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ọba tuntun jẹ. Bó bá kà á pé, ẹ̀bùn ń bẹ. Bó bá ṣì í kà, ìyà ń bẹ.

Ère àti bébà

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ní Ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ yìí rí bẹ́ẹ̀ gan-an: láyé àtijọ́, wọ́n a máa gbẹ́ ère àkó tó jọ olóògbé, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á sì gbé e kiri ìlú kí wọ́n tó sin ère náà.

Bébà dé lẹ́yìn ère. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Lónìí, ìkéde òkú inú ìwé ìròyìn Nàìjíríà ń sọ ọjọ́ orí, oyè, àwọn ọmọ àti ètò ìsìnkú. Ìdílé ló ń sanwó rẹ̀, nítorí náà owó ló ń pinnu bí àwòrán yóò ṣe tóbi tó, ìyìn nìkan ló sì ń wọbẹ̀. Olóògbé ti dère. A kò rí ènìyàn mọ́.

Ẹni tó so méjèèjì pọ̀

Ní ilẹ̀ Benin, àpẹẹrẹ tó dára jù lọ ni Thomas Mouléro, ọmọ Kétu, ọmọ ìbílẹ̀ Dahomey (orúkọ Benin nígbà náà) àkọ́kọ́ tó di àlùfáà ìjọ Àgùdà, ní 1928. Ó gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ nínú ìwé àtìgbàdégbà Études dahoméennes láàárín 1960 sí 1969. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Samuel Johnson ní Ọ̀yọ́ fi ewu inú ìdádúró hàn. Ó parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, òun náà sì kú ní 1901. Àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Obadiah, fi tún un kọ kó tó jáde ní 1921.

Àbá

Ọjọ́ ìsìnkú ni àwọn tó mọ olóògbé máa ń péjọ: ẹbí, ẹgbẹ́, akéwì, onílù. Kí ẹnì kan jókòó tì wọ́n ní Atokoligbé, ní Bantè, ní Savalou. Kó gba oríkì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kì í, ní Ìcà tàbí Máhì. Kó kọ ọdún ìbí, iṣẹ́, àti aáwọ̀ tí olóògbé bá ará ìlú ní. Kó sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún un. Bí àlejò bá tú ká, ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́jọ́ náà lè má rí ẹni sọ ọ́ mọ́.