Bèbè ní Broadway

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnìkan dé láti New York, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé ó rí ère obìnrin tó gbé iná dání lójú omi. Mo rí i, lókèèrè. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Ìsàlẹ̀ Manhattan tí mo fẹsẹ̀ rìn lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ.

Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, ló mú mi jáde. Wall Street la ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé mọ ibẹ̀ mọ owó, ṣùgbọ́n odi ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí, odi tí àwọn Dutch mọ lọ́dún 1653. Àwọn ẹrú Áfíríkà wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Ní ìdí òpópónà yìí, níbi tó ti kan odò, ni ìjọba ìlú dá ọjà ẹrú sílẹ̀ lọ́dún 1711, tí wọ́n ń ná an títí di 1762. Ọdún 2015 ni wọ́n tó ri àkọlé mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

A kọjá níwájú Federal Hall, níbi tí George Washington ti búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹrin, 1789 (ilé tó dúró síbẹ̀ báyìí kì í ṣe ti ìgbà yẹn o). Èrò ń ya fọ́tò, èmi náà yà. Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì Trinity. Alexander Hamilton, tí àwòrán rẹ̀ wà lára dọ́là mẹ́wàá, sùn sí ọgbà rẹ̀. Ọdún 1697 ni ìjọ náà ṣòfin pé wọn ò gbọdọ̀ sin aláwọ̀ dúdú sínú ọgbà wọn. Tóò, níbo ni kí wọ́n sin òkú wọn sí? Ẹ̀yìn odi.

Ẹ̀yìn odi yẹn la wá gba Broadway lọ, ìrìn tí kò tó ogún ìṣẹ́jú. Lọ́dún 1991, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fẹ́ kọ́ ilé ọ́fíìsì gogoro síbẹ̀. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n bá egungun èèyàn. Láti nǹkan bí 1794 ni wọ́n ti pa ibi ìsìnkú náà tì, tí wọ́n rọ erùpẹ̀ lé e, tí wọ́n kọ́lé lé e. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé nǹkan bí 15,000 òkú ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ lọ. Àfìgbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà fárígá, tí wọ́n ṣèwọ́de, ni iṣẹ́ tó dúró lọ́dún 1992. Wọ́n ti hú òkú 419. Àwọn tó súnmọ́ ìdajì lára wọn ló jẹ́ ọmọdé.

Òfin kan tún wà: lọ́dún 1731, ìlú ní ẹni tó bá máa tẹ̀lé òkú ẹrú lọ sí ibojì kò gbọdọ̀ ju méjìlá lọ. Méjìlá! Nílé wa, àwọn tó ń se ọbẹ̀ lásán níbi òkú arúgbó á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ọ̀tẹ̀ ló ń bà wọ́n. Àwọn ẹrú ti dìde sí wọn lọ́dún 1712.

Ẹni tí mi ò lè gbàgbé ni obìnrin kan tí àwọn olùwádìí pè ní Ìsìnkú 340. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún wà ní ìbàdí rẹ̀. Wọ́n sì ti gé eyín iwájú rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́, bí àwọn ìyá àgbà wa ṣe ń pa èjí.

Àǹtí mi ní, “Bèbè nìyẹn.”

Mi ò sọ pé Yorùbá ni o. Àwọn kan láàárín wa a máa sọ gbogbo aláwọ̀ dúdú di ọmọ Odùduwà. Mi ò sí níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa jù lọ, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni, Cuba àti Brazil ni wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Bèbè kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ìdí kì í ṣe ohun tí ojú ìta ń rí. Ẹni tó tẹ́ ẹ sínú pósí mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ohun tó lówó lórí ni, kò sì bọ́ ọ tà.

Ní kíláàsì, ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa oríkì ni pé: ta ni, ọmọ ta ni, níbo ni orílẹ̀ rẹ̀? Mo dúró síbẹ̀, mo fẹ́ ki obìnrin yìí, mi ò rí ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Báwo la ṣe ń ki 340?

Oṣù Kẹwàá 2003 ni wọ́n dá àwọn 419 náà padà sínú ilẹ̀, nínú pósí tí wọ́n gbẹ́ ní Ghana. Òkìtì koríko méje ló wà lórí wọn báyìí. Àǹtí mi bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan èyí tó súnmọ́ ọn, ó ní, “Ẹ kúulé o, ìyá.” A sì lọ wọ ọkọ̀ ojú irin.