Bí Fáírọ́ọ̀sì Ṣe Ń Pa Bakitéríà: Ẹ̀rí Inú Ẹ̀rọ Flow Cytometer

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fáírọ́ọ̀sì tí ń pa bakitéríà rí, a-kéré-kọjá-fífojúrí, a-wọlé-ní-kan-ṣoṣo-jáde-ní-ọgọ́rùn-ún, tí Frederick Twort kọ́kọ́ kéde iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1915, tí Félix d'Hérelle sì sọ ní bacteriophage ní ilé ìwádìí Pasteur ní Paris ní 1917. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń pò ó mọ́ bakitéríà nínú àwo pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó ka ojú mímọ́ gaara tí ikú dá sí àárín àwọn alààyè. Ọ̀nà náà dára, òun ni Ellis àti Delbrück sì fi mọ̀ ní 1939 pé ńṣe ni ọmọ fáírọ́ọ̀sì ń ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìròyìn ogunlọ́gọ̀ ni àwo ń mú wá, kì í sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe kú.

Àlàfo yìí ni ẹ̀rọ flow cytometer, irú èyí tí Wolfgang Göhde ṣe ní Jámánì ní 1968, wá dí. Gẹ́gẹ́ bí oníbodè ayé àtijọ́ ti í yẹ ẹrù èrò wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó jẹ́ kí wọ́n wọ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni omi tín-ín-rín ń to bakitéríà tẹ̀lé ara wọn kọjá níwájú ìtànṣán lésà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tóbi mọ, tí aró tí a rẹ wọ́n sí sì ń sọ ohun tí awọ ara àti DNA wọn ti dà.

Aró SYTO 9 ń wọ ara òkú àti alààyè. Propidium iodide, tí ń tàn pupa, kì í wọlé àfi bí awọ bá ya. Bí fáírọ́ọ̀sì T4 bá ti DNA rẹ̀ sínú bakitéríà E. coli, a fọ́ DNA onílé sí wẹ́wẹ́, a sì fi í kọ́ tirẹ̀; nígbà tí yóò bá fi tó bí ìṣẹ́jú 25 sí 30, holin, purotéènì fáírọ́ọ̀sì náà, a lu awọ inú, endolysin, purotéènì rẹ̀ mìíràn, a gba ibẹ̀ kọjá lọ fọ́ ògiri, ilé a sì wó lu onílé. Àkókò kúkúrú jọjọ ni ó wà láàárín ìgbà tí awọ ya àti ìgbà tí ara tú ká pátápátá. Ẹni tí ó bá ń ka kìkì àwọn tó pupa, òkú díẹ̀ ni yóò rí, nítorí ìyókù ti di èérún tí ẹ̀rọ kò kà mọ́ bakitéríà mọ́. Lójú tèmi, bí iye gbogbo wọn ṣe ń dínkù láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú ni ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù.

Ní 1999, Marie, Brussaard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ẹ̀rọ yìí àti aró SYBR Green I ka àwọn fáírọ́ọ̀sì inú òkun gan-an, kì í ṣe bakitéríà. Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò mọ èyí tó lè pani yàtọ̀ sí èyí tí agbára ti tán lára rẹ̀. Àwo ló mọ̀ ọ́n. Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ onímọ̀ wa tí ẹ̀rọ yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́: ẹ má ṣe da àwo nù, láti inú ìgò kan náà, ní ìṣẹ́jú kan náà, ni kí ẹ ti máa bu ti ẹ̀rọ àti ti àwo.