Odò Huron, odò Ògùnpa: nígbà tí ọmọ ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé, tíì ni mò ń mu yìí, torí náà bí ẹ bá rí mi tí mò ń yán, ẹ má bínú.

Ọmọ mi ló fa ọ̀rọ̀ òní. Ní oṣù tó kọjá, ó mú ìwé kan bọ̀ láti ilé-ìwé rẹ̀ níbí ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kíláàsì wọn fẹ́ máa bá ilé-ìwé kan ní Ìbàdàn ṣe pàṣípààrọ̀ lẹ́tà àti fídíò lórí omi àti ìyípadà ojú ọjọ́. Inú mi dùn, díẹ̀ ló kù kí n jó. Ìgbà tí mo kà á dé ìsàlẹ̀ ni ara mi wálẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún àwọn ọmọ Ìbàdàn ni kí wọ́n ya fídíò ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún àwọn ọmọ tiwa ni kí wọ́n wò ó, kí wọ́n kọ bó ṣe rí lára wọn, kí wọ́n sì dá owó. Àwọn kan ń fi ara wọn hàn, àwọn kejì ń káàánú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ mi, òun ló bi mí pé: “Mọ́mì, ṣé wọn ò ní wo omi tiwa náà ni?”

Mi ò rí èsì fún un. Mo wá lọ kàwé, mo sì rí i pé irú pàṣípààrọ̀ yìí ní ìtàn. Ìtàn ọ̀hún ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àánú rárá. Àìsàn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì bá mi lára mu.

Ọdún 1984 ni, ní ìlú Ann Arbor, ìpínlẹ̀ Michigan. Ẹ̀yin tí ẹ rántí wàhálà omi Flint, Michigan kan náà ni, ṣùgbọ́n ti Flint ṣì ku ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ilé-ìwé girama kan wà níbẹ̀, Huron High School, nítòsí odò Huron. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń lọ ṣeré lórí odò náà. Wọ́n á dúró lórí pákó tó ní aṣọ, afẹ́fẹ́ á máa tì wọ́n lọ. Bí wọ́n bá ṣubú, wọ́n á gbé omi mì, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún gun pákó wọn. Nígbà tó yá, àwọn kan nínú wọn dùbúlẹ̀ àìsàn. Hepatitis A ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe nọ́ọ̀sì díẹ̀. Hepatitis A, ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Ó máa ń rẹni tẹnutẹnu, oúnjẹ á máa rí lára bí ẹ̀gbin, ìtọ̀ á dúdú bíi tíì tí mo gbé lọ́wọ́ yìí, ojú á sì pọ́n. Bó ṣe ń ranni ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí: ìgbẹ́ ẹni tó ní in ló ń dé ẹnu ẹlòmíràn, bóyá nínú oúnjẹ, bóyá nínú omi. Ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méje pàápàá, kó tó fara hàn, tí èèyàn á ti gbàgbé ibi tó ti kó o. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ò dé Amẹ́ríkà títí di 1995. Ann Arbor kì í ṣe ìlú aláìní o. Ìlú yunifásítì ni, ìlú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Síbẹ̀ ìgbẹ́ wà nínú odò wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Yunifásítì Michigan, William Stapp. Kì í ṣe ẹni kékeré nídìí ọ̀rọ̀ yìí: ní 1969, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ohun tí ẹ̀kọ́ nípa àyíká túmọ̀ sí, ó sì tún bá UNESCO ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá àwọn ọmọ ilé-ìwé náà sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò. Wọ́n bu omi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rí i pé kòkòrò tó ń gbé nínú ìgbẹ́ máa ń pọ̀ gan-an lẹ́yìn òjò. Gọ́tà tó yẹ kó gbé omi òjò nìkan ń gbé ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, ó sì ń dà á sódò. Àwọn ọmọ náà gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá àwọn tó ń ṣàkóso ìlú. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé àwọn tó ṣàìsàn gan-an ló béèrè ìbéèrè.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sórí odò Rouge, ní agbègbè Detroit. Ẹ ò bá mọ odò yìí! Ní October 1969, iná jó lórí rẹ̀. Epo àti ìdọ̀tí iléeṣẹ́ ló wà lójú omi tó gbaná. Odò náà ń ṣàn láti àwọn àdúgbò olówó níta ìlú, ó gba Detroit kọjá, ó dé Dearborn níbi tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ Ford wà. Ní 1987, ilé-ìwé 16 bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi rẹ̀. Àyẹ̀wò mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣe: ọ́síjìn inú omi, kòkòrò ìgbẹ́, bí omi ṣe gbóná sí, bó ṣe dàrú sí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-ìwé àárín ìlú tí àwọn ọmọ dúdú pọ̀ sí ń ṣe é, ilé-ìwé ìta ìlú tí àwọn ọmọ òyìnbó pọ̀ sí ń ṣe é. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì fojú kan kọ̀ǹpútà. Ẹ rò ó wò. Ohun tí ilé òkè odò bá ṣàn dànù, iwájú ilé-ìwé ìsàlẹ̀ odò ló máa gbà kọjá. Kò sí ọmọ tó lè sọ pé omi tòun mọ́, ti ẹnì kejì ló dọ̀tí, torí odò kan náà ni.

Ní 1989, wọ́n sọ ọ́ di ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní GREEN, ó sì tàn dé àwọn ilẹ̀ mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni GLOBE dé. Al Gore, igbákejì Ààrẹ Amẹ́ríkà, kéde rẹ̀ ní 1994, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1995. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wọn òjò àti ooru lójoojúmọ́ nígbà tí oòrùn bá wà láàárín ọ̀run, wọ́n á sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orílẹ̀-èdè Benin wà nínú rẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà. Èrò tèmi ni pé GLOBE tóbi ju GREEN lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gọ́tà ẹni, ọ̀rọ̀ “ta ló da ìgbẹ́ sódò mi”, ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀ mọ́.

Ó sì yẹ kó wà níbẹ̀ nísinsìnyí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i, ó lè gbé omi tó tó 7% lé sí i, ìdí nìyẹn tí òjò ńlá fi ń le sí i. Òjò ńlá ló ń mú kí gọ́tà Amẹ́ríkà pọ ìgbẹ́ sódò. Òjò ńlá náà ni Ìbàdàn mọ̀. Àbí ta ni yóò kọ́ ará Ìbàdàn ní ohun tí òjò lè ṣe? Ní August 31, 1980, odò Ògùnpa kún kọjá etí rẹ̀, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ọ̀pọ̀ èèyàn sì bá a lọ. Ìdọ̀tí ti dí ojú odò, ilé sì ti sún mọ́ ọn jù. Ìyá mi, bí òjò bá ti ń ṣú lásán báyìí, á ní ká má sùn. Ní August 2011, omi tún ṣe é ní Ìbàdàn. Ọmọ tó dàgbà sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní ohun tó lè kọ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọ bó bá jẹ́ pé fídíò kẹ̀rẹ̀gbè àti bọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ní kó yà.

Mo kọ̀wé sí olùkọ́ ọmọ mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, kò kàn ronú dé ibẹ̀ ni. Mo sọ ìtàn odò Rouge fún un, mo ní kí ìhà méjèèjì máa wọn òjò, kí ìhà méjèèjì sì máa bi ara wọn ní ìbéèrè. Ó gbà. Owó dídá ṣì wà níbẹ̀, mi ò borí nídìí ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìbéèrè àkọ́kọ́ dé láti Ìbàdàn. Àwọn ọmọ náà ní: “Tí òjò ńlá bá rọ̀ ní ìlú yín, níbo ni omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín ń gbà lọ?”

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo kíláàsì. Olùkọ́ ò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ń pe ara mi ní nọ́ọ̀sì, mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi àti ọmọ mi máa wọ bàtà òjò lọ́jọ́ Sátidé, a máa tẹ̀ lé gọ́tà àdúgbò wa títí a ó fi rí ibi tó ti wọ odò. Màá gbé kámẹ́rà dání. Ó dìgbà yẹn o.